Ilé Baálẹ̀ Wà Lójú Ọ̀nà 59

Bí àlejò bá wọ ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ilé baálẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Kì í ṣe ibi tí yóò sùn nìkan ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ó kí i, kí ó sì gbọ́ bí ìlú náà ṣe tẹ̀dó. Àwa tí a ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó wá sí Houston kò rí baálẹ̀ kankan kí. Pápákọ̀ òfurufú la bọ́ sí, ọ̀nà márosẹ̀ 59 ló sì gbé ọ̀pọ̀ wa gba àárín ìlú kọjá dé Beechnut, Bissonnet àti Sugar Land, níbi tí a ti ń ra ẹ̀lùbọ́, tí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ, tí a sì ti ń ṣe òkú àgbà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí ènìyàn bá yí imú ọkọ̀ padà sí àríwá lójú ọ̀nà yìí kan náà, tó kọjá Lufkin, tó kọjá Nacogdoches, àárín ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń dáko láti ayé àwọn baba ńlá wọn ló ń gbà kọjá. Ìwé obìnrin kan ló mú mi dé ọ̀hún. Attica Locke ni orúkọ rẹ̀, ọmọ bíbí Houston ni.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọdún 1974 ni wọ́n bí i. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tó ń jẹ́ Attica wà ní ìpínlẹ̀ New York. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ dìde nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Ìjọba fi ìbọn dá wọn lóhùn, ènìyàn 43 ló sì kú kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú nígbà náà, wọ́n sì fi orúkọ ibẹ̀ sọ ọmọ wọn kí ọ̀rọ̀ náà má bàa di ìgbàgbé. Gene Locke, bàbá rẹ̀, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dìde ní University of Houston ní 1969, tí wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ náà bọ̀wọ̀ fún ọmọ dúdú, kí ó sì kọ́ wọn ní ìtàn ara wọn. Nígbà tó yá, ó di agbẹjọ́rò, ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìlú Houston, ó sì du ipò olórí ìlú ní 2009. Ìbò náà wọ ìpele kejì, Annise Parker ló sì borí rẹ̀. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí dàgbà sí: ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òfin nídìí oúnjẹ, tí gbòǹgbò rẹ̀ sì wà ní àwọn ìlú kéékèèké ìlà-oòrùn Texas.

Ó lọ sí Northwestern University, lẹ́yìn náà ó forí lé Los Angeles láti máa kọ ìtàn fún fíìmù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ ọ́ fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún un, síbẹ̀ fíìmù kò ti inú wọn jáde. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tì mọ́ inú àpótí rí yóò mọ bí ìyẹn ṣe ń dùn ún. Nígbà tó ṣe, ó yà sí ìwé kíkọ, nítorí pé ìwé kò nílò kí ẹnikẹ́ni fún un láṣẹ kó tó di odindi. *Black Water Rising* jáde ní 2009. Houston ọdún 1981 ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń yọ lójú gbogbo ènìyàn. Jay Porter, agbẹjọ́rò tálákà kan tó ti jà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ nígbà èwe rẹ̀, gbé ìyàwó rẹ̀ lọ ṣe fàájì nínú ọkọ̀ ojú omi lórí Buffalo Bayou, wọ́n sì gbọ́ igbe obìnrin nínú òkùnkùn. Àwọn onídàájọ́ àmì-ẹ̀yẹ Orange ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn án sí ara ìwé mẹ́fà tó dé ìpele tó kẹ́yìn ní 2010. Ní 2015, ó mú Jay padà wá nínú *Pleasantville*. Àdúgbò tòótọ́ ni Pleasantville ní Houston. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́ ọ fún àwọn ìdílé dúdú, ìbò ibẹ̀ sì di ohun tí gbogbo olóṣèlú ìlú ń wá. Ìdìbò sípò olórí ìlú ní 1996 ni ìtàn náà dá lé. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Harper Lee fún ìtàn nípa òfin. Ẹni tó bá rántí ìdìbò 2009 yóò mọ̀ pé òǹkọ̀wé yìí ti jókòó sí inú yàrá tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé mẹ́ta tó kọ tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé níbẹ̀ ló ti fọwọ́ kan ìtàn tí Texas fẹ́ràn jù láti máa sọ nípa ara rẹ̀. Gbogbo àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà ló mọ fíìmù kábọ́ì: ọkùnrin kan lórí ẹṣin, àkẹtẹ̀ lórí, ìbọn ní ìbàdí, màlúù lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ni ọkùnrin náà nínú gbogbo èyí tí mo wò. Àwọn òpìtàn sì fojú bù ú pé bí a bá ka àwọn darandaran ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ní ayé àwọn kábọ́ì náà, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ ní oko màlúù Texas. Nígbà tí òmìnira dé, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ náà ni wọ́n ń gba owó lé lórí, wọ́n ń da màlúù lọ sí Kansas lọ́nà jíjìn. Bill Pickett, ọmọ Texas tí wọ́n bí ní 1870, ló sọ fífi ọwọ́ lásán gbé màlúù ṣubú di eré tí ayé ń wò. Títí di òní, ní ọdọọdún kí ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn àti eré ẹṣin Houston tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin dúdú Prairie View a máa gun ẹṣin wọ ìlú, bí wọ́n ti ń ṣe láti 1957. Ọkọ̀ a dúró fún ẹṣin. Àwọn ọmọ wa a máa bèèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ìbéèrè gidi ni.

Àwọn Texas Rangers, ìyẹn àwọn agbófinró ìpínlẹ̀ náà, sì tún wà. 1823 ni wọ́n ń ka ìbẹ̀rẹ̀ wọn sí, nígbà tí Stephen Austin, olórí àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, kó àwọn ẹ̀ṣọ́ jọ. Akọni ni fíìmù àti ìwé fi wọ́n ṣe. Ìtàn mìíràn wà lẹ́yìn ìyẹn: ní oṣù kìíní ọdún 1918, ní abúlé Porvenir lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò, Rangers wà lára àwọn tó kó ọkùnrin àti ọmọdékùnrin 15 jáde lóru tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Ó di 1988 kí Lee Roy Young tó di Ranger dúdú àkọ́kọ́ láyé òde òní. Ìràwọ̀ tí Ranger ń fi sí àyà, owó fàdákà Mẹ́síkò ni wọ́n fi ń gé e. Ìràwọ̀ yìí ni Attica Locke mú, tó fi sí àyà ọkùnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Darren Mathews, ó sì rán an sí ojú ọ̀nà 59.

*Bluebird, Bluebird* ni ìwé àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà. Ó jáde ní 2017, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Edgar ní 2018, èyí tó ga jù lọ fún ìtàn ìwà ọ̀daràn ní Amẹ́ríkà. Àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀ méjì ló tọ́ Darren dàgbà nílé ìdílé wọn ní Camilla. William jẹ́ Ranger. Ó gbà pé òfin lè dáàbò bo ènìyàn dúdú. Clayton jẹ́ olùkọ́ òfin. Ó gbà pé ẹni tó máa gba ènìyàn dúdú sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin ni a nílò. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà méjèèjì kò bára mu, Darren sì ń gbé méjèèjì sáyà lọ sí gbogbo ibi tó ń lọ. Ilé ẹ̀kọ́ òfin ló wà ní Chicago nígbà tí àwọn òyìnbó mẹ́ta so James Byrd mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ títí ó fi kú ní Jasper, ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Ìyẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ní ìlà-oòrùn Texas níhìn-ín. Nínú ìwé náà, Darren pa ẹ̀kọ́ tì, ó padà sílé, ó lọ gba ìràwọ̀.

Òkú méjì ló pè é wá sí Lark, abúlé kan tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà 59. Wọ́n kọ́kọ́ rí òkú agbẹjọ́rò dúdú kan tó ti Chicago wá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n rí ti ọmọbìnrin òyìnbó kan tó jẹ́ ará ìlú. Darren dúró lórí bí ọ̀kan ṣe tẹ̀lé èkejì yìí, nítorí pé nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ náà, òyìnbó ni wọ́n máa ń rí lókùú ná kí wọ́n tó wá ọkùnrin dúdú tí yóò fi orí san án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkú ni ọkàn ìwé náà. Ilé oúnjẹ Geneva Sweet ni. Ẹni tó bá mọ ìyá olóúnjẹ tó ti dàgbà sídìí ìkòkò, tí awakọ̀ ń pè ní ìyá, tó mọ ẹni tó ń jẹ gbèsè àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ti mọ Geneva. Orin blues ń dún nínú ẹ̀rọ ní igun kan, onígbàjámọ̀ ní àga rẹ̀ ní igun kejì, òórùn ẹran gba gbogbo ilé. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ilé ńlá òyìnbó tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Geneva kò tà á. Bí òǹkọ̀wé mìíràn bá fẹ́ fi ìgboyà hàn wá, yóò fún ènìyàn ní ìbọn. Attica Locke fún arúgbó obìnrin kan ní ṣíbí ìrọkà àti ìwé ilẹ̀.

Ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó sì hàn kedere nínú ìwé kejì, *Heaven, My Home*, tó jáde ní 2019. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan sọnù lórí adágún Caddo, níbi tí igi ti ń hù láti inú omi tí ewéko funfun sì ń rọ̀ sílẹ̀ lára wọn bí irùngbọ̀n àgbà. Bàbá ọmọ náà jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra ènìyàn dúdú. Arúgbó dúdú kan, Leroy Page, ló rí ọmọ náà gbẹ̀yìn, òun ló sì ni ilẹ̀ Hopetown tí àwọn baba rẹ̀ tẹ̀dó pẹ̀lú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Caddo. Àròsọ ni Hopetown, àmọ́ irú rẹ̀ pọ̀ ní ayé. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 ni wọ́n kéde òmìnira fún àwọn ẹrú Texas ní Galveston. Láti ìgbà náà, àwọn tó gba òmìnira tẹ ìlú àti abúlé tó lé ní 500 dó káàkiri ìpínlẹ̀ yìí. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé, wọ́n sin òkú wọn sí i. Ẹni tó bá sì sin òkú sí ilẹ̀ kan ti di onílẹ̀ níbẹ̀. A kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún Yorùbá.

*Guide Me Home* ti 2024 ló pa ìtàn náà dé. Bell, ìyá Darren, tí ọtí àti ìbínú ti lé jìnnà sí ọmọ rẹ̀, padà wá pẹ̀lú ojú tó mọ́, ó ní ọmọbìnrin dúdú kan ti sọnù ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó. Ṣé kí ọmọ gba ìyá tó ti dà á rí gbọ́? Ìbéèrè yẹn ló gbé ìwé náà ró.

Ohun tí mo ń yìn nínú iṣẹ́ obìnrin yìí ni pé kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Darren wọ àkẹtẹ̀ àti bàtà awọ bíi ti kábọ́ì inú fíìmù, ṣùgbọ́n ó ń mutí ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì fi òtítọ́ pamọ́ fún òfin nítorí bàbá arúgbó kan tó fẹ́ràn. Olóòótọ́ tó purọ́ ni, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì jẹ́ kí àwa náà gbàgbé rẹ̀. Kì í sáré. Yóò jẹ́ kí o rí ilẹ̀ pupa àti igi páìnì, kí o gbọ́ bí arúgbó ṣe ń dákẹ́ kó tó dáhùn, kí ó tó fi ẹni tó ṣekú pani hàn ọ́. Ó ti kọ̀wé fún tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, ó wà lára àwọn tó kọ *Empire* àti *When They See Us*, òun àti Tembi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì sọ ìwé Tembi, *From Scratch*, di eré lórí Netflix ní 2022. Los Angeles ló ń gbé. Síbẹ̀ ìlà-oòrùn Texas ni kálàmù rẹ̀ máa ń padà sí, bí ẹyẹ ṣe ń padà sí ìtẹ́.

Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi gbé ìlú yìí, mo ti rò pé àwa àti òyìnbó nìkan la jọ wà níbẹ̀, pé àlejò ni gbogbo ènìyàn dúdú tí mo bá rí lórí ẹṣin. Ìwé Attica Locke tún èrò mi ṣe. Àwọn kan ti wà níbí ṣáájú wa. Wọ́n da màlúù, wọ́n gbin òwú tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n wá ra ilẹ̀ tó jẹ́ tiwọn, wọ́n sì kọ̀ láti sá kúrò lórí rẹ̀. Àwọn ni wọ́n jẹ ìyà kí ọ̀nà tó là fún wa láti wọlé. Ní báyìí, bí mo bá ń gba ọ̀nà 59 lọ sí ìhà àríwá, tí mo rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan láàárín igi páìnì, tí ibojì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo máa ń dẹ ẹsẹ̀ lórí ọkọ̀, mo sì máa ń wí i sókè kí àwọn ọmọ mi tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: ẹ kú ilé o.