Ẹ̀rín Tí Ó Ní Ẹ̀kọ́ Nínú

Ìwé tí Scott Murray àti Simon Farnaby kọ ní ọdún 2010, The Phantom of the Open, kì í ṣe àròsọ, síbẹ̀ ó pa wá lẹ́rìn-ín ju ọ̀pọ̀ àròsọ lọ. Ìtàn Maurice Flitcroft ni, òṣìṣẹ́ tí ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní ìlú Barrow, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1976, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ eléré gọ́ọ̀fù ni òun, ó sì bọ́ sórí pápá láti du àyè nínú ìdíje Open. Nínú eré yìí, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù níwọ̀nba ni ó ń borí. Ìgbà 72 ni ìwọ̀n pápá náà. Ìgbà 121 ni Flitcroft gbá a!

A yin àwọn òǹkọ̀wé yìí, nítorí wọn kò fi òṣìṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rín bo irọ́ mọ́lẹ̀. Irọ́ náà kan ẹlòmíràn: owó ni a dá padà fún àwọn tí wọ́n bá a gbá a, nítorí ó ba eré wọn jẹ́. Ní 1983 ó tún padà wá pẹ̀lú orúkọ Gerald Hoppy. Ìgboyà ha ni èyí bí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Orí pápá ni ó ti bá Flitcroft.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kà á, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ mú ìforítì rẹ̀, kí ẹ sì fi irọ́ rẹ̀ sílẹ̀.