Onígbàǹjo Tó Mọṣẹ́

Níbi àsè alẹ́ tí wọ́n fi ń kówó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, aṣọ ni ojú kọ́kọ́ máa ń rí: agbádá olówó ńlá, gèlè tó dúró ṣánṣán, kóòtù dúdú. Ṣùgbọ́n onígbàǹjo ni èmi máa ń wò jù, torí ọwọ́ rẹ̀ ni èrè alẹ́ ọjọ́ náà wà. Bí kò bá mọṣẹ́, àríyá lásán la ṣe.

Mo rí ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Victoria Island, l'Ékòó. Kí oúnjẹ tó délẹ̀ ni obìnrin náà ti ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, tó ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, tó ń béèrè orúkọ. Nígbà tó gun orí pèpéle, kò wo ìwé kó tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ tà. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n tan iná sí aṣọ náà, ó fi ìka tọ ilà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ fà, ó ṣàlàyé bí ẹ̀kọ láfún kì í jẹ́ kí aró mu ibi tí wọ́n bá fi í sí. Kó tó dárúkọ iye, gbogbo wa ti mọ ohun tó ń tà. Nígbà tó ku ẹni méjì tó ń dù ú, ojú ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó wo ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Ọkùnrin náà tún gbé nọ́ḿbà sókè. Bí èkejì ṣe mirí pé ó tó, onígbàǹjo náà yára dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún un, kí ojú má baà tì í.

Èyí tó le jù ni ọrẹ, níbi tí kò sí ọjà kankan láti rà. Òkè ló ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò bá wa gbé mílíọ̀nù 5 náírà?" Lẹ́yìn náà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan 10,000. Bó bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó lè san mílíọ̀nù á ti fi 10,000 bọ́ lọ. Ohùn tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olówó ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé nọ́ḿbà sókè ní tábìlì ẹ̀yìn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ó fi òwe yẹn ṣiṣẹ́ láì pa á.

Irú owó báyìí ti sèso rí. Ní Los Angeles, Dókítà Dennis Slamon ti yunifásítì UCLA ń wádìí irú jẹjẹrẹ ọyàn kan tí èròjà ara tí wọ́n ń pè ní HER2 máa ń mú kó yára dàgbà, owó kò sì tó. Lilly Tartikoff, tí Slamon tọ́jú ọkọ rẹ̀, bá a wá ìrànlọ́wọ́ dé ilé-iṣẹ́ Revlon, wọ́n sì gbé mílíọ̀nù 2.4 dọ́là kalẹ̀ ní 1989. Lẹ́yìn náà ni Tartikoff dá àsè ńlá Fire and Ice Ball sílẹ̀ láti máa kówó jọ fún ìwádìí jẹjẹrẹ àwọn obìnrin. Ní 1998, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn Herceptin tí iṣẹ́ Slamon bí.

Ìwádìí nípa jẹjẹrẹ àwọn obìnrin tiwa náà ń fẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò àsè, ẹ wá onígbàǹjo tó mọṣẹ́, kí ẹ sì fi àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe náwó náà han àwọn tó dá a. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì pè, ẹ lọ, kí ẹ gbé nọ́ḿbà yín sókè níbi tí agbára yín bá mọ.