Ẹ̀gbo àti Adìyẹ: Oúnjẹ Aládùn Tí Kò Nílò Wàrà

Ẹ̀gbo ni àgbàdo funfun gbígbẹ tí wọ́n sè títí hóró rẹ̀ fi rọ̀ múlọ́múlọ́. Ní Akínmọ̀ọ́rìn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, bíi ti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ohun èlò rẹ̀ kò jìnnà sí ààrò.

Sùúrù ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí àgbàdo, wọ́n á rọra gún un lódó kí èèpo lè ṣí, wọ́n á sì fẹ́ ẹ dànù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á rẹ hóró rẹ̀ sómi mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á sè é fún nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3, wọ́n á máa bu omi gbígbóná kún un. Iyọ̀ ló ń kẹ́yìn.

Adìyẹ ìbílẹ̀ le lẹ́ran, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú alùbọ́sà àti iyọ̀ kí wọ́n tó dín in. Ata rodo, tàtàṣé àti irú ni wọ́n ń fi epo pupa dín sí ọbẹ̀ rẹ̀.

Nínú àwo jíjìn, ẹ̀gbo á wà nísàlẹ̀, ọbẹ̀ lórí, adìyẹ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níbòmíràn, àwọn kan a máa fi yógọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì sí irú àwo bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, irú àti epo ló ń fún un ládùn. Ẹni tí wàrà kì í bá lára mu lè jẹ ẹ́ yó láìsí ìfòyà.