Ìwé Ìròyìn àti Omi Ẹ̀rọ

Bí ìjọba bá fẹ́ fa omi wọ ìlú, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí olùkàwé rí kà nínú ìwé ìròyìn: ta ni yóò mu omi náà, ta ni yóò san owó rẹ̀, àti bóyá yóò máa ṣàn lẹ́yìn tí àwọn ìjòyè bá ti lọ sílé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ kí ará ìlú máa san owó omi, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó. Lagos Weekly Record, ìwé ìròyìn John Payne Jackson, gbè sẹ́yìn àwọn alátakò. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ ìbílẹ̀ ní kànga tirẹ̀, àti pé ìrọ̀rùn òyìnbó ni a fẹ́ fi owó rẹ̀ rà. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn ní 1915. Ní 1916 ìjà náà tún gbóná. Nígbà yẹn Nigerian Pioneer ti wà, èyí tí Kitoyi Ajasa dá sílẹ̀ ní 1914, ti ìjọba ni òun sì ń ṣe.

Èmi kò lè dá Record lẹ́bi. Ìlú tí a bu owó lé lórí láìbi í léèrè ní ẹjọ́ láti rò, àti pé kíkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ léwu: ní 1916 kan náà ni a fi James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kọ nípa ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kànga yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Erékùṣù náà rẹlẹ̀, iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, kànga kò jìn, ṣáláńgá sì wà nítòsí. Omi tí ó mọ́ lójú lè gbé àrùn pamọ́. Ẹni tí ó ń ka ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà ń bá wí pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Lónìí, àléébù mìíràn ni mo rí. Àwòrán gba gbogbo ojú ewé: gómìnà di ẹnu ẹ̀rọ mú, omi tú jáde, èrò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a ṣí ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn ní 1991, a ní yóò lè pèsè 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójoojúmọ́. Agbára ẹ̀rọ ni iye yìí. Kì í ṣe omi tí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé. Bí iná mànàmáná bá lọ, tàbí tí páìpù bẹ́ lójú títì, gálọ́ọ̀nù inú ìwé kò lè kún garawa. Akọ̀ròyìn tí ó padà lọ lẹ́yìn oṣù 6, tí ó yí ẹnu ẹ̀rọ wò fúnra rẹ̀, tí ó sì bi ìyá tí ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà ní iye tí ó ń ná lọ́sẹ̀, ṣiṣẹ́ ju ẹni tí ó da ọ̀rọ̀ ìjọba kọ. Àárín ìwé ìròyìn ni a sì máa ń bá ìròyìn tirẹ̀, lábẹ́ ìpolówó ọjà.