Ìfìwàwẹ̀dá àti Ìdọ́gba Agbára nínú Eré Dungeons & Dragons

Eré Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, yẹ ní ohun tí lámèyítọ́ lè yẹ̀ wò. Àwọn òṣeré a jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù a gbé ìwà ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, ẹnì kan a sì máa darí ìtàn. Jagunjagun, oṣó àti àlùfáà ni a fi bẹ̀rẹ̀. Oṣó kò lágbára tó jagunjagun níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá ti jinlẹ̀, apá kì í ká a mọ́.

Ẹ̀dà kẹrin, ti 2008, fẹ́ tún èyí ṣe: ìlànà kan náà ni a fi pín agbára fún onídà àti ọlọ́fọ̀. Ọ̀pọ̀ òṣeré ráhùn pé agbára ti di aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ẹ̀dà ti 2014 kò tẹ̀lé ìlànà náà mọ́.

Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), kùmọ̀ ni ti Kàkó, ohùn ni ti Olóhùn-Iyọ̀. A kì í bínú pé wọn kò dọ́gba, nítorí òǹkọ̀wé ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá inú ìwé kò mọ ohun tí à ń pè ní ìjókòó lásán. Òṣeré ìdí tábìlì mọ̀ ọ́n. Ní èrò tiwa, àyè láti wúlò ni ó yẹ kí ó dọ́gba, kì í ṣe agbára. Òfin nìkan kò lè ṣe èyí. Ọwọ́ adarí ìtàn ni ó wà. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí iṣẹ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.