Ọgbẹ́ Ọkàn Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Láti ìgbà tí eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ti jáde ní ọdún 1970, ìdáhùn kan ló wọ́pọ̀ jù ní kíláàsì bí ìbéèrè bá dá lórí ìwà Ìyálóde Ìbàdàn náà: òǹrorò ni. Ìdáhùn náà kò ṣìnà, àmọ́ kò jinlẹ̀. Àìní ọmọ ni eré náà gbé síwájú gẹ́gẹ́ bí okùnfà tó fi ń pa ẹrú tó bá lóyún, ìlara sì ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé rí níbẹ̀.

Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ẹfúnṣetán bí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ náà kú sí ní 1860, ẹ̀yìn èyí sì ni ìyá rẹ̀ dojú ìkà kọ àwọn ẹrúbìnrin tó lóyún. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyí. Bí ọmọ tuntun bá kú tí ìyá yè, Yorùbá a máa ṣìpẹ̀ fún un pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ní ti Ẹfúnṣetán, agbè gan-an ló fọ́. Ìpẹ̀ wo ló kù? Ẹni tí irú òfò bẹ́ẹ̀ dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn lè máà bọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ohun tó bá jọ ọ́, ìbáà ṣe igbe tàbí òórùn lásán, a máa sọ ọ́ di ọ̀tun. Ó ṣeé ṣe kí ikùn aboyún di àwòrán ikú lójú irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Èyí kò dá a láre. Ọ̀pọ̀ ọlọ́gbẹ́ ọkàn kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹfúnṣetán ní ọrọ̀, ó ní oyè, ó ní ẹrú. Agbára yìí ló sọ ìrora rẹ̀ di òfin ilé.

Ọgbẹ́ náà sì ń ràn, ibẹ̀ sì ni eré yìí ti dára jù. Wọ́n pa Adétutù; Ìtáwuyì tó ni oyún inú rẹ̀ kò ráyè ṣọ̀fọ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀san tó gbà á lọ́kàn.

Ohun tí Johnson kọ ni pé wọ́n pa Ẹfúnṣetán ní 1874. Ìṣọ̀lá yí i padà: májèlé ni òun fúnra rẹ̀ gbé jẹ. Obìnrin tó ti ń pa aboyún wá kọjú ikú sí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú ìṣẹ́gun Látòósà ni eré náà fi ṣe ìdí rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó kú lórí ìkúnlẹ̀.