Òòlù Mi àti Bọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Mushin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ pánẹ́ẹ̀bítà, nígbà tí bọ́ọ̀sì mọ́lúè ṣì ń jọba lójú títì Èkó. Ẹni tó bá dàgbà tó yóò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣásí Mercedes 911 tí wọ́n ṣe fún ẹrù ni wọn yóò rà, wọn yóò wà á wá ní ìhòòhò sọ́dọ̀ àwọn wẹ́ídà àtàwa pánẹ́ẹ̀bítà, a ó sì kan ilé lé e lórí: irin, páànù, àga, ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú. Nígbà tí mo wá dé Maryland ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀gá ibi tí mo ti ríṣẹ́ ní kí n lọ tú páànù ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan tí ọkọ̀ gbá, ẹ̀rín pa mí lábẹ́ bọ́ọ̀sì yẹn. Ṣásí ọkọ̀ akẹ́rù ló wà nísàlẹ̀. Ilé tí wọ́n kàn lé e ló wà lókè. Yẹ́lò ni, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀. Mọ́lúè tó lọ sí yunifásítì ni.

Kì í sì í ṣe àwàdà lásán, nítorí yunifásítì ni wọ́n ti gbìmọ̀ lé e lórí lóòótọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1939, Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Cyr pe àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ àtàwọn tó ń kan bọ́ọ̀sì jọ sí Teachers College ti Columbia University ní New York. Ìlànà 44 ni wọ́n fẹnu kò sí. Àwọ̀ wà lára rẹ̀: wọ́n mú yẹ́lò torí pé lẹ́tà dúdú máa ń hàn lórí rẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí ọmọ ti wà létí títì. Títí di òní, àwọ̀ yẹn ní orúkọ tirẹ̀, National School Bus Glossy Yellow, kò sì sí afínọ̀dà tó lè fojú díwọ̀n rẹ̀ kó ní ó jọ ọ́.

Ọ̀dà kọ́ ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ o. Oríkèé ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi àwọn òfin tuntun de ẹni tó bá ń ṣe bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Èyí tí a ń pè ní 221 nínú wọn, ibi tí páànù kan ti pàdé èkejì nìkan ló ń sọ. Ó ní oríkèé náà gbọ́dọ̀ ní agbára tó tó ìdá 60 nínú 100 agbára páànù tó rọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì. Láyé àtijọ́, bí bọ́ọ̀sì bá forí gbá nǹkan, oríkèé a já, etí páànù a sì dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára. Ìdí nìyẹn tí rífẹ́ẹ̀tì, àwọn ìṣó tó so páànù pọ̀, fi tò bẹẹrẹ lára bọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á máa fi ìka kà wọ́n. Èmi náà ń kà wọ́n, àmọ́ wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.

Bí bọ́ọ̀sì tí wọ́n gbá bá wọlé, mi ò kì í sáré mú irinṣẹ́. Mo máa ń rìn yí i ká, kí n wá wo ibi tó jìnnà sí ojú ibi tó jìn. Agbára ìkọlù kì í dúró síbi tó ti wọlé. Rífẹ́ẹ̀tì tí ọ̀dà bá ti là yí orí rẹ̀ ká, ó ti mì, ì báà jẹ́ fèrèsé mẹ́ta ló wà láàárín òun àti ibi tí wọ́n gbá. Lẹ́yìn náà ni n óò wọnú rẹ̀, n óò tú àga, n óò ṣí páànù inú, kí n lè rí àwọn ọ̀pá irin tó tẹ̀ kọdọrọ láti ilẹ̀ dé òrùlé títí dé ilẹ̀ lódì kejì. Àwọn ni wọ́n ń gbé òrùlé dúró. Nígbà tí wọ́n bá ń dán bọ́ọ̀sì tuntun wò, wọn yóò fi agbára tó tó ìwúwo bọ́ọ̀sì òfìfo kan àti ààbọ̀ tẹ òrùlé náà. Kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju mìlímítà 130 lọ, ilẹ̀kùn pàjáwìrì sì gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ọ̀pá wọ̀nyẹn bá tẹ̀, mo ti mọ̀ pé ìwé àwọn tó ṣe bọ́ọ̀sì ni n óò kọ́kọ́ lọ kà.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó ń wọlé kò ti ibi jàm̀bá ńlá wá. Ìdí bọ́ọ̀sì ló ń fà á. Irin tó wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn gùn. Bí dírẹ́bà bá yí imú sọ́tùn-ún, ìdí a fì sósì, yóò sì lọ gbá òpó tàbí bọ́ọ̀sì tó dúró jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìlà dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irin nípọnnípọn ni wọ́n, a tò wọ́n sí ọ̀kánkán ilẹ̀ ọkọ̀ àti ìjókòó ọmọ kí wọ́n lè kọ́kọ́ gba ìyà náà. Ti mọ́lúè, ọ̀dà lásán ni.

Níbi páànù ìdí yìí ni ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ní Mushin ti ń wúlò. N óò fi dólì, irin kékeré tí a ń fọwọ́ dì mú, tì í lẹ́yìn, n óò sì máa fi òòlù lu iwájú. Etí ni n óò fi gbọ́ ọ. Tí páànù bá jókòó dáadáa lórí dólì, òòlù á dún kọ́ọ́. Tí òfìfo bá wà láàárín wọn, á dún gbọ̀ọ̀. A kì í kọ́kọ́ lu ibi tó jìn jù. Ibi tó tẹ̀ gbẹ̀yìn, etí òde lọ́hùn-ún, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa bọ̀ wá sáàárín díẹ̀díẹ̀. Bí irin bá ti nà ju ti tẹ́lẹ̀, a ó fi iná ya ojú kékeré lé e títí tí yóò fi pọ́n, a ó gbá a, a ó sì fi àkísà tútù pa á. Á sún kì. Inú mi kì í dùn tó báyìí síbi kankan nínú iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé ló kọ́ mi ní ibi tí òòlù ti ń dúró. Ní Èkó, àpọ́nlé wa ni pé kò sí ohun tó jìn tí a kò lè lù jáde. Páànù tó bá ti ya lójú oríkèé níbí, mi ò ní lù ú. Ẹ̀rọ fáílìn ni n óò fi gé orí àwọn rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀, n óò ti ìdí wọn jáde, n óò yọ páànù náà sọnù, n óò sì fi òmíràn tó nípọn bákan náà rọ́pò, rífẹ́ẹ̀tì fún rífẹ́ẹ̀tì, kí n tó fi ọ̀rá dí etí rẹ̀ kí omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín má baà jẹ ẹ́. Bọ́dì fílà, ìpara tí a fi ń dí ojú ibi tó jìn, tí ẹnìkan bá rọ́ ọ bo oríkèé tó já, irọ́ ni, irọ́ tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Síńkì ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ nínú irin wọ̀nyí kí ó má baà dípẹtà. Ẹni tó bá ń jó o láì ha síńkì náà kúrò yóò fa èéfín rẹ̀ símú, ibà á mú un lóru, òtútù á gbọ̀n ọ́n, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ara á yá. Ọmọ Nàìjíríà á ní ibà ẹ̀fọn ni, á lọ máa wá oògùn. Àwọn àgbà wẹ́ídà ní mílíìkì ló ń wò ó. Ìbòmú ni tèmi.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo máa ń fi kádìí iṣẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1988, lẹ́bàá Carrollton ní Kentucky, ọ̀mùtí kan tó ń wa píkọ́ọ̀pù lọ́nà òdì forí sọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé àtijọ́ kan tí ìjọ kan ń lò. Epo jò, iná sọ, kò sẹ́ni tó lè gba ilẹ̀kùn iwájú jáde mọ́. Ènìyàn 27 ló kú, ọmọdé sì ni èyí tó pọ̀ jù. Oṣù kẹta ọdún 1977 ni wọ́n ṣe ṣásí bọ́ọ̀sì yẹn, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú òfin tuntun. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbá igun ìdí bọ́ọ̀sì, mo máa ń fi tépù wọn férémù ilẹ̀kùn pàjáwìrì láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ òdì kejì, n óò tún wọn ìkejì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́, ilẹ̀kùn lè há lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. N óò ṣí i látinú, n óò ṣí i látìta, ọwọ́ kan ni mo sì ń lò, torí ọwọ́ ọmọ ni yóò ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé nílé, mo mọ̀ pé HiAce ni púpọ̀ nínú yín ń lò, òmíràn nínú wọn sì ti wá sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ẹrù kí ẹnìkan tó gé fèrèsé sí i tó sì jó àga mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti ọ̀dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà dé, ẹ di àga kọ̀ọ̀kan mú kí ẹ mì ín pẹ̀lú agbára. Ẹ jókòó sínú rẹ̀ kí ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Ẹ ní kó kó páànù tó yọ wá kí ẹ rí i. Kí ẹ sì sanwó tó tó fún un, torí pánẹ́ẹ̀bítà tí ẹ bá ná owó iṣẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ jù, bọ́dì fílà ni yóò fi parí rẹ̀ fún yín.